Fíláàṣì Aláwọ̀ Ewé

Obìnrin onídígí ojú kan kó ẹ̀yà mẹ́ta ti Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, lọ sí ilé bàbá rẹ̀, ó ní kí ó yẹ̀ wọ́n wò kí ó sì mú ọ̀kan.

Orí fíláàṣì ni ó kó wọn sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Ubuntu wà nínú pupa, Mint wà nínú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewé, Zorin wà nínú dúdú. Òun fúnra rẹ̀ kò ní èyí tí ó wù ú jù. Òun kọ́ ni yóò máa lò ó.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà kò ju èyí lọ: kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ ti dàgbà. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ètò tí ó ń darí rẹ̀ ti kéde pé àwọn kò ní tún ètò náà ṣe mọ́, kọ̀ǹpútà náà kò sì lágbára láti gbé ètò tuntun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bàbá náà kò fẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ó ní èyí kò tíì kú, ó kàn ń rìn bí ìgbín ni. Linux kò wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń tò ó pọ̀, oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ̀yà rẹ̀ fi pọ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́. Yíyàn ni ìṣòro ibẹ̀.

Olùdarí ẹgbẹ́ akọrin ni bàbá náà. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ti ṣiṣẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ti ń so ìpè pọ̀, níbi tí a kì í ti í pa ẹ̀rọ kankan. Ó gbé ìwà náà wá sí ilé. Rédíò ilé wọn kì í kú. Ohùn rẹ̀ nìkan ni ó máa ń dín kù. Láti ìgbà èwe ni ó ti ń kọ orin sílẹ̀, pẹ́ńsùlù ni ó sì fi ń kọ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí ó di pé àwọn tẹ́nọ̀ ń kọ ohun tí kò sí nínú orin, nítorí pé wọn kò lè ka àmì rẹ̀ mọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ fi ètò ìkọ-orin sínú kọ̀ǹpútà fún un. Lẹ́tà kan dúró fún ohùn kan. Ó ń tẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé sì mọ́ bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rí.

Ní ọdún náà, àwọn ẹgbẹ́ akọrin agbègbè wọn yóò pàdé, ó sì ti ṣèlérí orin tuntun. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí òun kò bá rí orin náà kọ, òun yóò gbé ọ̀pá ìdarí fún Igbákejì. Igbákejì ni olórí àwọn báàsì, ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìyá onídígí máa ń sọ pé ó ń darí orin bí ẹni tí ń lé eṣinṣin. Bàbá náà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti rò ó tán.

Ẹ̀gbọ́n onídígí náà, ọkùnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹnjiníà, ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá fún ilé iṣẹ́ kan ní ìlú mìíràn. Òun ti ní tirẹ̀ lọ́kàn: ẹ̀yà kan tí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò láti ìpìlẹ̀, nípa títẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òun ló dáa jù," ni ó wí lórí fóònù. "Ohun tí Bàbá ò bá nílò, kò ní sí níbẹ̀ rárá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò tò ó?"

"Èmi ni. Mo lè ṣe é láti ibi tí mo wà."

"Tó bá dàrú ńkọ́?"

"Kò ní dàrú."

"Mo ní tó bá dàrú."

"Wọ́n á pè mí."

"Ṣé ẹ máa ń gbé fóònù ni? Ọjọ́ Àìkú ni Màmá pè yín. Ọjọ́bọ̀ lẹ tó pè wọ́n padà, ẹ wá ń bi wọ́n pé ṣé kò sí o."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Onídígí. Kí nìwọ fẹ́ ṣe?"

"Ohun tí mò ń ṣe níbi iṣẹ́ náà ni."

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, kì í bi oníbàárà léèrè irú dígí tí ó fẹ́. Oníbàárà kò lè mọ̀ ọ́n. Férémù ìdánwò ni ó máa ń gbé lé imú onítọ̀hún, yóò ki dígí kan bọ ojú rẹ̀, yóò yọ ọ́, yóò ki òmíràn bọ̀ ọ́, yóò sì béèrè pé, "Èyí, àbí èyí?" Ẹni tí kò mọ orúkọ dígí kankan mọ èyí tí ó fi rí lẹ́tà tí ó wà lára ògiri. Linux gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. A lè tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì, kí a lo ẹ̀yà tí ó wà lórí rẹ̀, láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

"Ó mọ́gbọ́n wá," Ẹnjiníà wí. "Ṣùgbọ́n sọ fún Bàbá o. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí fíláàṣì ò ní dúró. Tí kọ̀ǹpútà bá ti kú báyìí, gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Wọ́n kàn máa wò ó ni."

"Ṣá sọ fún wọn."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n mi."

Kò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọ́kọ́ lọ, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ nínú pálọ̀, bàbá rẹ̀ sì ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bí ẹni tí wọ́n ní kí ó wá ṣe ìdánwò. Igun láàrin fèrèsé àti àpótí ìwé ni tábìlì náà wà. Àpótí kọ̀ǹpútà wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì tí kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ kú, lórí àga kékeré kan, nítorí ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ṣàn wọ pálọ̀. Wẹ́dà kan ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì ọ̀nà, ariwo irin rẹ̀ sì ń gba ojú fèrèsé wọlé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ó ki fíláàṣì pupa bọ̀ ọ́, ó tan ẹ̀rọ náà. Bàbá rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Kí ló dé tí àwọn àwòrán wọ̀nyí fi tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, Bàbá. Ṣé kò dáa ni?"

"N ò sọ pé kò dáa. Mo ní wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Ẹ fi ara balẹ̀, Bàbá Ẹnjiníà," ìyá rẹ̀ wí. "Wọn kò ní kí ẹ fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí ẹ wò ó."

Ó yọ pupa, ó ki ti ewé bọ̀ ọ́. Nígbà tí Mint yọ, ìlà gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, bọ́tìnnì tí a fi ń ṣí ètò sì wà ní igun apá òsì, níbi tí ó wà nínú ètò tí bàbá náà ti ń lò tipẹ́. Kí ó tó sọ ohunkóhun, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé máòsì lọ síbẹ̀. Onídígí rí i. Ó rí i pẹ̀lú pé èjìká bàbá rẹ̀ ti wálẹ̀. Níbi iṣẹ́, oníbàárà tí dígí rẹ̀ kò tọ̀nà máa ń na ọrùn síwájú. Bí ó bá tọ̀nà, yóò fẹ̀yìn ti àga.

"Èyí, àbí ti àkọ́kọ́?"

"Jẹ́ kí n wo èyí dáadáa ná."

Fóònù onídígí dún. Láti ṣọ́ọ̀bù ni: awakọ̀ kan ti jókòó lé dígí ojú ara rẹ̀, kò lè wa ọkọ̀ láìsí i, ó sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé àpò rẹ̀.

"Ẹ máa wò ó lọ, Bàbá. Tí mo bá padà dé, a ó wo dúdú."

Ó lọ, kò sì ráyè padà ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ dígí, kò jẹ́ kí oníbàárà kan gbé férémù ìdánwò lọ sílé rí.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, bàbá rẹ̀ kò pè é. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà ètò àtijọ́, kò sí ọjọ́ tí fóònù kì í dún ní ṣọ́ọ̀bù: "Onídígí, ojú ẹ̀rọ yìí ti ṣú." "Onídígí, ó ní kí n dúró, mo sì ti dúró." Nísinsìnyí, fóònù kò dún. Onídígí pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Kọ̀ǹpútà yẹn ńkọ́?"

"Bàbá yín ní kí n má sọ ohunkóhun fún ẹ. Wọ́n ní kí o wá fúnra rẹ."

"Ṣé inú ń bí wọn ni?"

"Mo ní wọ́n ní kí n má sọ."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé bàbá rẹ̀ ti jáwọ́. Ẹnjiníà náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí kò bá bú kọ̀ǹpútà kò lò ó. Ó tún béèrè bóyá kí òun wá to ti òun. Onídígí ní kí ó jẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ wo dúdú.

Ní ọjọ́ Sátidé kejì, ìyá rẹ̀ ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tí ó dé, bàbá rẹ̀ sì wà nínú balùwẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú. Kò yà á lẹ́nu. Ó rò pé yóò ti tan dúdú kalẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó jáde, kí ó má baà sí àríyànjiyàn. Ó yọ fíláàṣì ewé, ó ki dúdú bọ ojú ihò rẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnnì àpótí náà. Kò rí ohunkóhun. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́. Wẹ́dà ń lu irin lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ ni, onídígí ì bá ti gbọ́ pé àpótí náà ń kùn tẹ́lẹ̀, àti pé ìgbà tí òun tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ ni ó tó dákẹ́. Ó tún un tàn. Nígbà náà ni ó rí i pé iná ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n pa. Ó tan ìyẹn náà. Zorin yọ.

Bàbá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú táwẹ́lì lọ́rùn, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀.

"O ti dé. Jókòó síbẹ̀, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. "Tèmi kọ́ nìyí."

"Ẹ kúulé, Bàbá. Dúdú ni, èyí tó kù."

"Dá èyí tí mò ń lò padà."

Ó yí fíláàṣì padà, ó sì tún ẹ̀rọ náà tàn. Mint yọ, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Bàbá náà fi ìka kan àárín rẹ̀.

"Orin mi dà?"

"Orin wo, Bàbá?"

"Orin ìpàdé. Ojú ibí ni mo gbé e sí. Gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo parí rẹ̀ ní àná."

Lójú kọ̀ǹpútà náà, àwòrán kan wà tí a kọ sí i lábẹ́ pé kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ láti fi Mint sínú kọ̀ǹpútà. Onídígí nawọ́ sí i.

"Bàbá, ṣé ẹ kò tẹ èyí rí?"

"Èyí tó ń pè mí pé kí n wá fi nǹkan sínú kọ̀ǹpútà? Ìpolówó ni mo kà á sí. Ṣebí ìwọ lo ní kí n má máa tẹ ohun tó bá ń pè mí."

Òtítọ́ ni. Òun ni ó sọ ọ́, ó sì ti tẹnu mọ́ ọn fún un fún ọdún pípẹ́.

Ó sọ fún un nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó ti sọ ní Sátidé tí ó kọjá: pé orí fíláàṣì ni ó ń ṣiṣẹ́, pé kò sí ohun tí ó dúró nínú kọ̀ǹpútà, pé bí ẹ̀rọ bá ti kú, gbogbo rẹ̀ ti lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún yín. N ò sọ ọ́."

"Èmi kò pa ẹ̀rọ."

"Mo mọ̀, Bàbá. Èmi ni mo pa á."

Bàbá náà jókòó.

Onídígí pe Ẹnjiníà, ó sì ro ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un. Ẹnjiníà kò sọ pé ṣebí òun ti wí i.

"Ìgbà tí iná ti kúrò lára ẹ̀, kò sí mọ́," ni ó wí.

"Kò sí ọ̀nà kankan?"

"Tí ọ̀nà bá wà, mo ti wà lójú ẹ̀. Gbé fóònù fún Bàbá."

Bàbá náà kò gba fóònù. Ó ní, "Àwọn orin mi àtijọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Inú kọ̀ǹpútà gan-an ni tiwọn wà. Kò sí ohun tó kàn wọ́n."

Ó mi orí. Lẹ́yìn náà, onídígí béèrè ohun tí ó ti yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè. Kò fi ètò ìkọ-orin sórí fíláàṣì kankan. Báwo ni ó ṣe rí orin kọ?

"Ibi kan wà tí wọ́n to àwọn ètò sí bí ọjà," bàbá rẹ̀ wí. "Mo tẹ ohun tí mò ń wá sí i, ó gbé e jáde, mo ní kí ó gbé e wá. Máòsì ń fún mi ní ìyọnu. Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ẹ̀rọ á kà á sí ẹ̀ẹ̀mejì. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń dín ìyẹn kù, mo sì rí i. Mo sọ ọfà rẹ̀ di ńlá."

"Ta ló fi hàn yín?"

"Ta ló wà níbí? Màmá rẹ tó ń pe máòsì ní eku?"

"Eku náà ni," ìyá rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ lọ́wọ́. "Ìrù ẹ̀ nìkan ni ó yàtọ̀."

"Ohun kan ṣoṣo ni mo dúró dè ọ́ fún," bàbá náà wí. "O ní kí n má fọwọ́ kan okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo fẹ́ kí o so ó mọ́ ọn lónìí, kí a tẹ̀ ẹ́ jáde."

Onídígí lóye ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sẹ̀ náà báyìí. Bàbá rẹ̀ kò pè é nítorí pé kò sí ohun tí ó dá a dúró. Síbẹ̀, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó béèrè.

"Èyí, àbí dúdú?"

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá rẹ̀ wí, "ṣé o ò rí i pé ọkùnrin yìí ti yàn tipẹ́?"

"N kò fẹ́ wo dúdú," bàbá náà wí.

Onídígí kó àwọn orin àtijọ́ sórí fíláàṣì pupa kí wọ́n má baà sọnù, ó ṣí wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbà pé wọ́n pé, lẹ́yìn náà ni ó tẹ àwòrán tí bàbá rẹ̀ pè ní ìpolówó. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó ti ń gbé Mint sínú kọ̀ǹpútà, ìyá rẹ̀ gbé agbọ̀n kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí onídígí kò gbọ́ rí, ní ohùn jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ka nǹkan tí ó ti sú u.

Bàbá náà gbé orí sókè. "Ohùn kejì nìyẹn."

"Òun kọ́ ni àbí? Láràárọ̀ ni ẹ ń jí mi pé kí n wá kọ ọ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí. Mo ti ń fi lọ aṣọ."

"Kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá Ẹnjiníà."

"Ẹ jẹ́ kí n mu omi ná."

Bí wọ́n ṣe gba ohùn kejì padà nìyẹn. Ohùn kìíní kò sọnù. Ó ti wà nínú orí bàbá náà kí ó tó dé orí ẹ̀rọ. Ó rántí tẹ́nọ̀ dé ìdajì, ó sì fi ohùn méjèèjì tí ó ti wà wá èyí tí ó kù rí. Báàsì ni kò rí. Òun ni ó kọ gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá a kọ ọ́. Ẹ̀rọ nìkan ni ó ti gbọ́ ọ. Ó jókòó sídìí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń tẹ̀, ó ń pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ báàsì mìíràn.

Onídígí so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, orin náà sì jáde ní mímọ́. Nígbà ìdánrawò, Igbákejì ka ìlà tirẹ̀ dé òpin, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa lọ́tẹ̀ yìí," ni ó wí. "Báàsì yìí rọrùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," bàbá náà wí. "Ó rọrùn."

Ní ọjọ́ ìpàdé, òun ni ó di ọ̀pá ìdarí mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, àwọn akọrin sì ti mọ èyí tí í ṣe gbígbọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ìdarí. Wọ́n kọ orin náà láìṣìṣe, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, Ẹnjiníà tí ó wá láti ìlú kejì sì ní òun kò gbọ́ ohun tí ó dín nínú rẹ̀.

Bàbá náà ṣì ń lo Mint. Kì í pa kọ̀ǹpútà náà. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó ń pa. Ọdún kejì ti ń lọ sí òpin báyìí, ó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin síbẹ̀. Báàsì àkọ́kọ́ kò padà wá sí i lọ́kàn.